Omi Eleko Lórí Òrùlé

Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ gbalaja láàárín ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lórí òrùlé ilé gogoro kan ní Lẹ́kì. Ó fi etí ọ̀tún lé kọnkéré, ó di ojú, ó na apá méjèèjì síta. Bí Sẹ̀gilọlá ṣe bá a nìyẹn nígbà tó jáde nínú líìfìtì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀, sútánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ bàtà, nítorí àwọn ìjọ tirẹ̀ kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sútánà. Ó gòkè wá wá ìyá rẹ̀ ni. Òkú ló rò pé òun rí.

"Jésù! Ẹ gbà mí o!"

Ọkùnrin náà la ojú. Ó rí aṣọ funfun, ó rí ẹsẹ̀ méjì tí kò ní bàtà, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń fẹ́ aṣọ náà lẹ́lẹ́. Kò sáré dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti kú ni?" ó bi í.

"Èmi ló yẹ kí n bi yín! Kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀?"

"Omi ń jò sí fúláàtì tó wà nísàlẹ̀. Mò ń tẹ́tí sí ibi tó ń gbà. Tí ẹ bá lè dákẹ́ díẹ̀, màá gbọ́ ọ."

Sẹ̀gilọlá dákẹ́. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí kì í ṣe irú ẹni tí wọ́n ń ní kó dákẹ́ tó sì ń dákẹ́. Ó lóṣòó, ó ká etí sútánà rẹ̀ sókè kó má baà kan ẹrẹ̀, òun náà wá dẹ etí sílẹ̀.

"Ó ń dún níbí," ó ní, ó nàka sí abẹ́ àpótí ata.

Ọkùnrin náà rákò dé ibẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run á bù kún etí yín. Láti àárọ̀ ni mo ti wà nílẹ̀ yìí."

"Ẹ dìde jàre. Ẹrẹ̀ ti kún etí tiyín."

Dúrójayé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó bá àwọn bíríkìlà wá sí Lẹ́kì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, ó wà lára àwọn tó ru kọnkéré dé òkè pátápátá. Nígbà tí ilé parí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Lakowe lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, àwọn tó ni ilé ní kí ó dúró máa bá àwọn tọ́jú ọgbà tí àwọn fẹ́ ṣe sórí òrùlé. Inú oko ló dàgbà sí, nítorí náà kò kọ̀. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn Abraham Adésànyà Estate ní Ajah, ibẹ̀ ló ti ń wọ ọkọ̀ wá láràárọ̀.

Ọgbà náà dùn ún wò. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ àwọn àpótí gígùn tó yí òrùlé ká, erùpẹ̀ tí wọ́n sì rọ sínú wọn, líìfìtì ló gbé gbogbo rẹ̀ gòkè. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, úgú, ata, tòmátì, efinrin, àti igi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú àgbá. Nírọ̀lẹ́, àwọn ará ilé á gòkè wá fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á já efinrin díẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wá síbẹ̀ nítorí erùpẹ̀ gan-an ni ìyá Sẹ̀gilọlá. Rẹ̀míláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Wòlíì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí wòlíì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ ní Ajah. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Yọ̀mí, tó wà ní Kánádà, ló ra fúláàtì kan nínú ilé náà tó ní kí ìyá òun àti àbúrò òun máa gbé inú rẹ̀. Ìyá náà dúpẹ́, ó kó wọlé, ṣùgbọ́n táìsì kò bá a lára mu. Ó ní ẹsẹ̀ òun ń wá ilẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe ń gòkè lọ rìn láìwọ bàtà lórí erùpẹ̀ tó dà sílẹ̀ láàárín àwọn àpótí, tó máa ń kọrin sínú.

Àwọn ará ilé kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́, alága ẹgbẹ́ wọn, ti sọ nínú líìfìtì rí pé òórùn tùràrí ń wọ òun nímú. Ìyá Wòlíì kí i kú iṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìfẹ́ Sẹ̀gilọlá àti Dúrójayé kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ ń lọ. Dúrójayé á já ṣọkọ sínú náílọ́ọ̀nù fún ìyá, ìyá á gbé e wálé. Sẹ̀gilọlá, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajah, á ti ibi iṣẹ́ dé, á fọ náílọ́ọ̀nù náà, á sá a, á sì gbé e gòkè lọ dá padà.

"Náílọ́ọ̀nù yín rèé."

"Nọ́ọ̀sì, ta ló ń dá náílọ́ọ̀nù padà ní Èkó yìí?"

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí."

"Ọmọ tí wọ́n kọ́, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ simi. Líìfìtì ò ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ lẹ fi gòkè wá."

"Ẹsẹ̀ ni. Torí náílọ́ọ̀nù ni o, ẹ má rò pé nítorí yín ni."

"Mi ò rò nǹkan kan," Dúrójayé wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kún gbogbo ojú rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sí náílọ́ọ̀nù tó sọ̀ kalẹ̀ tí kò padà sókè. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí úgú, wọ́n á máa wo iná mọ́tò tó tò lọ bí ilẹ̀kẹ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Sẹ̀gilọlá á máa sọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀, Dúrójayé á máa sọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ tòmátì. Ẹ̀yin di ìwọ láàárín wọn, kò sẹ́ni tó kíyè sí ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, Dúrójayé sọ ọ́ síta.

"Sẹ̀gi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tó fi ń dùn."

"Ó dùn bẹ́ẹ̀. Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Inú Sẹ̀gilọlá dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbàgbé náílọ́ọ̀nù sókè.

Dúrójayé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan máa rá pálá. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Wòlíì ní pálọ̀ wọn, ó ní ọmọ wọn lòun fẹ́ fi ṣe aya. Ìyá ní kó dìde, ó fún un ní omi mu, ó ní òun gbọ́. Nígbà tí ó lọ tán, ìyá pe ọmọ rẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn wù mí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Bàbá rẹ náà wù mí."

Sẹ̀gilọlá mọ ohun tó ń sọ. Bàbá rẹ̀ ti fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, obìnrin tó sì ń ríran fún odidi ìjọ kò rí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná lọ́kàn ìyá.

"Nítorí náà mi ò ní fi ojú mi yàn fún ọ," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ti gbé e síwájú Ọlọ́run. Ọgbà yẹn ni mo fi béèrè àmì. Tí ohun tó gbìn bá yè títí wọn á fi kórè, màá fi ọwọ́ méjèèjì fà ọ́ lé e lọ́wọ́. Tí ó bá kú, kí o má bá mi jiyàn."

"Màmi, ẹ̀fọ́ lẹ fi ọ̀rọ̀ ayé mi kọ́?"

"Ọlọ́run ni mo fi í kọ́."

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá sọ ọ́ fún Dúrójayé, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó na ọwọ́ sí úgú tó ti gun ògiri. "Màmá ti fún mi tán nìyẹn. Ìyàwó mi, lọ máa ra ìkòkò."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí fún yín, kí ẹ má baà máa fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan: Ìyá Wòlíì fúnra rẹ̀ ló pa ọgbà náà. Ìfẹ́ ló sì fi pa á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá fẹ́ kí àmì náà bọ́ sí rere. Lóṣooṣù, ìjọ wọn máa ń lọ gbàdúrà létí òkun ní Eleko. Wọ́n á pọn omi òkun sínú kẹ́ẹ̀gì, wòlíì á gbàdúrà lé e lórí, oníkálukú á gbé tirẹ̀ lọ sílé láti máa fi wẹ̀, láti máa fi wọ́n ilé. Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ ló máa ń wa ìyá rẹ̀ lọ, kẹ́ẹ̀gì á sì kún bùútù ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Omi yẹn ti wo ẹsẹ̀ dídùn ìyá sàn rí. Lójú rẹ̀, omi tí a bá ti gbàdúrà sí ti kúrò ní omi òkun. Ó wá ń gbé e gòkè láàárọ̀ kùtù kí Dúrójayé tó dé, ó ń bu ún sídìí úgú, sídìí tẹ̀tẹ̀, sídìí ata, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ti ọmọkùnrin náà pọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í polówó àdúrà.

Etí ewé kọ́kọ́ ń jó bí ẹni pé iná ló rà á. Dúrójayé rò pé oòrùn ni, ó fi aṣọ ṣíji bò wọ́n. Jíjó náà kò dáwọ́ dúró. Ó tún rò pé oúnjẹ kò tó wọn ni, ó da ajílẹ̀ sí i, ìyẹn sì tún wá bà á jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Úgú tó ti gun ògiri rọ sílẹ̀. Bí ìyá ṣe rí i pé nǹkan ń kú, ó fi kún omi tó ń bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dúrójayé rí nǹkan funfun tó gbẹ sójú erùpẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ó dúró, ó wò yíká, ó wá rí kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn táńkì omi, wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ ìjọ sí i lára. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó fi omi ṣàn án, ó sì lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wọn láìkan ilẹ̀kùn. Ìyá rí i níbẹ̀, ó rò pé òun ló gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ pe ìpàdé sí ìsàlẹ̀ ilé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí wọ́n á ṣe sọ òrùlé di gbọ̀ngàn àríyá.

"Dúrójayé, a fi ọgbà tó tutù lé ẹ lọ́wọ́. Look at it now. Kí ló pa á?"

Ìyá Wòlíì jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn nínú sútánà rẹ̀. Sẹ̀gilọlá jókòó tì í. Dúrójayé wo ilẹ̀kùn, ó wo ilẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló kú sí, sà. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

"Kẹ́míkà wo lo lò?"

"Mo ti ní èmi ni, sà."

Wọ́n ní kó parí iṣẹ́ oṣù yẹn kó máa lọ. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá àti ìyá rẹ̀ padà sí fúláàtì wọn, ìyá yọ fìlà sútánà rẹ̀, ó jókòó sórí àga, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti gbọ́ ohun tí Ọlọ́run wí. Ó dùn mí, ọmọ mi. Má bá mi jiyàn." Ó ti sọ ọ́ fún àwọn alàgbà ìjọ pẹ̀lú.

Sẹ̀gilọlá kò jiyàn. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ń bínú sí Ọlọ́run, ó ń bínú sí ìyá rẹ̀, ó sì ń bínú jù sí Dúrójayé tí kò sọ gbólóhùn kan gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gòkè lọ bá a. Ó bá a tó ń fi rọ́bà rọ omi sínú àwọn àpótí tí kò sí nǹkan ààyè nínú wọn mọ́. Omi ń ṣàn jáde nídìí wọn, ó ń lọ sínú gọ́tà.

"Wọ́n ti lé ẹ, o ṣì ń bomi rin òkú ewé?"

"Erùpẹ̀ ni mò ń fọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi á lè gbin nǹkan sí i."

"Kí lo ń fọ̀ kúrò nínú rẹ̀?"

"Iyọ̀," ó wí, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Níbo ni iyọ̀ ti rí ọ̀nà dé orí òrùlé?"

Dúrójayé gbé rọ́bà sínú àpótí mìíràn. Ó yí ojú sí ọ̀sà. Sẹ̀gilọlá rántí bùútù ọkọ̀ rẹ̀, ó rántí bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń pọ̀ sí i ní Eleko lẹ́nu ìgbà díẹ̀ yìí, ó sì rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń jí jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmi ni. O mọ̀! O mọ̀, o dúró síwájú Akínọ̀ṣọ́, o ní ìwọ ni!"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Àwọn tó ń fi tùràrí màmá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú líìfìtì, kí n wá tún fún wọn ní ohun tí wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín? Ìyá rẹ ni, Sẹ̀gi."

"Èmi ńkọ́? Wọ́n ti ní n ò lè fẹ́ ẹ. O ò ro tèmi mọ́ ọn?"

"Tìẹ ni mò ń rò láti ọjọ́ náà. Oorun ò kùn mí." Ó yí ojú padà sí i. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìtìjú ìyá rẹ gbé ọ níyàwó, báwo ni màá ṣe máa wojú wọn?"

Sẹ̀gilọlá fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó yí padà, ó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò dúró de líìfìtì.

Ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmi, omi Eleko tí à ń gbé wá, ibo lẹ̀ ń dà á sí?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ìbànújẹ́. "Ọgbà ọkọ rẹ ni. Mo sa gbogbo ipá mi fún yín, Ọlọ́run kò gbà."

"Màmi, omi iyọ̀ ni. Iyọ̀ ló pa ẹ̀fọ́."

"A ti gbàdúrà sí i."

"Ẹ gbàdúrà sí i, iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò."

Kẹ́ẹ̀gì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ìyá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ṣí i, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Ó ti ń fi omi yẹn wẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò tíì fi í kan ahọ́n rí pẹ̀lú ìbéèrè lọ́kàn. Ó gbé ọwọ́ sílẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn mọ̀?"

"Ó mọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀."

"Ó sì dákẹ́?"

"Ó dákẹ́, Màmi. Nítorí yín."

Ìyá Wòlíì jókòó. Ẹ̀wà tó wà lórí itan rẹ̀ dà sílẹ̀, kò ṣà á. "Bàbá rẹ," ó wí, "bí mo bá fọ́ àwo kan lásán, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀." Ó wá bú sẹ́kún.

Kò rọrùn fún un. Ẹni tó ti sọ fún alàgbà pé báyìí ni Ọlọ́run wí, ó nira kó padà lọ sọ pé òun ló ṣì í. Ṣùgbọ́n ó lọ. Ọjọ́ Àìkú, ó dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn alàgbà. Lọ́sẹ̀ kan náà, ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ tún pe àwọn ará ilé jọ. Ó wọ sútánà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.

"Èmi ni mo pa ọgbà yín," ó ní. "Omi òkun ni mo ń bù sí i. Ẹ má lé ọmọ ọlọ́mọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá náà, ó ní kí wọ́n dìbò. Ìdajì òrùlé lọ fún àríyá, ìdajì kù fún ọgbà, Dúrójayé sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, ìyá ránṣẹ́ pè é. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Mo bi Ọlọ́run ní ìbéèrè, mo sì fi ọwọ́ ara mi dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni irú ènìyàn tí o jẹ́. Ìyẹn ni mo wá mọ̀ báyìí. Ẹnikẹ́ni kò bò mí láṣìírí bẹ́ẹ̀ rí." Ó nu ojú. "Mo fa Sẹ̀gilọlá lé ọ lọ́wọ́. Lọ sọ fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n máa bọ̀."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ọlọ́run á—"

"Ẹ dúró ná," Sẹ̀gilọlá wí látẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Ó ká apá mọ́ àyà. "Màmi bi Ọlọ́run. Dúró bi Màmi. Akínọ̀ṣọ́ bi gbogbo ilé. Ta ló bi èmi?"

Ìyá àti Dúrójayé wojú ara wọn. Òótọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó bi í.

Dúrójayé kọjú sí i. Ẹ̀rù bà á ju ti iwájú Akínọ̀ṣọ́ lọ. "Sẹ̀gi, jọ̀ọ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jẹ́ kí n rò ó ná."

"Sẹ̀gilọlá!" ìyá rẹ̀ kígbe.

"Mo ti rò ó tán, Màmi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ó dákẹ́ fún yín ni mo ti rò ó tán." Omijé ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "Bẹ́ẹ̀ ni, Dúró. Màá fẹ́ ẹ."

Ó rìn bọ̀, ó di ọwọ́ Dúrójayé mú níwájú ìyá rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.